Àṣìṣe ilé ìtẹ̀wó ni àbí ìyà ìgboro? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó rí kọ́ìnì tí kò jọ ẹgbẹ́ rẹ̀

Inú kóló, ìsàlẹ̀ àpótí ìyá àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, abẹ́ pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ ní Èbúté Mẹ́ta: irú ibẹ̀ ni kọ́ìnì àràmàǹdà ti sábà máa ń jáde. Ẹni tó rí i á ti gbà pé ilé ìtẹ̀wó ló ṣe àṣìṣe. Nígbà púpọ̀, ìgboro ló fi ìyà jẹ ẹ́. Bí a ṣe ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì ni ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ rántí pé ẹnu Èkó ń pe owó ayé ṣílè ní kọ́bọ̀, ó tún ń pe ti ayé náìrà ní kọ́bọ̀, nítorí náà a ó máa dárúkọ ọdún.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe kọ́ìnì gan-an, tí àṣìṣe fi ń ráyè wọ̀ ọ́?

Ẹ má fo ìdáhùn yìí, òun ni gbogbo yòókù dúró lé. Wọ́n á na irin di abala gígùn, ẹ̀rọ á máa gé e ní róbótó-róbótó bí ẹni fi ẹnu ife gé ìyẹ̀fun míìtì-páì. Róbótó tó jáde yẹn ò tíì ní àwòrán kankan lára. Òfìfo la ó máa pè é. Wọ́n á yí òfìfo náà kí etí rẹ̀ lè ga díẹ̀ ju àárín lọ, wọ́n á fi iná yan án kó lè rọ̀, wọ́n á sì fọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fi bàbà tàbí níkẹ́ẹ̀lì bo irin, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ti ń bò ó. Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sáàárín òǹtẹ̀ irin méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, òrùka irin á sì ká a mọ́ kó má baà fẹ̀ jù. Ẹ̀rọ á gbá a. Àwòrán iwájú, ti ẹ̀yìn àti eyín wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni àṣìṣe ń gbà wọlé: òfìfo lè ní àbùkù, òǹtẹ̀ lè ní àbùkù, gbígbá lè ṣì. Bí ẹ bá mú kọ́ìnì lọ́wọ́, ẹ bi ara yín pé níbo nínú ìrìn yìí ni irú nǹkan báyìí ti lè ṣẹlẹ̀. Bí ẹ ò bá rí ibì kankan tọ́ka sí, a jẹ́ pé lẹ́yìn tó kúrò nílé ìtẹ̀wó ló ṣẹlẹ̀.

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò?

Awò amúǹkantóbi ìlọ́po mẹ́wàá, irú èyí tí alágbẹ̀dẹ wúrà ń fi sójú. Ẹ má ra èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ọgbẹ́ ni yóò máa dà bí òkè lójú yín. Òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù dé 0.01, èyí tó dúró sí 0.1 ò tó, nítorí ìyàtọ̀ tí à ń wá nígbà mìíràn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òòfà, èyí tí ẹ bá yọ lẹ́yìn sípíkà tó ti kú ti tó. Káálípà tó ń ka dé ìdámẹ́wàá mílímítà, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń lò. Iná kan tí ẹ lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èyí tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ni ẹgbẹ́ kọ́ìnì náà: irú kan náà, ọdún kan náà, márùn-ún ó kéré tán, tó gbó níwọ̀nba bó ṣe gbó. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sínú ìwé, ìwọ̀n kọ́ìnì tuntun ni. Kọ́bọ̀ tó ti ná ọjà fún ọgbọ̀n ọdún ò ní wọn bẹ́ẹ̀ mọ́, kì í sì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni.

Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi òòfà kàn án. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ níbi méjì tó dábùú ara wọn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká. Ẹ wo bóyá iwájú àti ẹ̀yìn dojú kọ ibì kan náà. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó fọwọ́ kan awò. Ẹni tó bá fi awò bẹ̀rẹ̀ á ti rí àṣìṣe mẹ́fà kó tó mọ̀ pé kọ́ìnì òun ò wọn bó ṣe yẹ.

Òòfà ń sọ púpọ̀ nípa owó Nàìjíríà. Nígbà tí náìrà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, idẹ ni wọ́n fi ṣe ààbọ̀ kọ́bọ̀ àti kọ́bọ̀ kan, àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì sì ni 5, 10 àti 25 kọ́bọ̀. Òòfà ò gbọdọ̀ fa ìkankan nínú wọn. Àwọn tó jáde ní 1991, irin ni inú gbogbo wọn: wọ́n fi bàbà bo 1, 10 àti 25 kọ́bọ̀, wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bo 50 kọ́bọ̀ àti náìrà kan. Òòfà gbọdọ̀ fà wọ́n. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá 1973 tí òòfà bá gbé nílẹ̀ yẹ ní wíwò dáadáa: ó lè jẹ́ ayédèrú, ó sì lè jẹ́ pé òfìfo owó mìíràn ló ṣèèṣì bọ́ sábẹ́ òǹtẹ̀.

Kọ́bọ̀ oníhò tí mo rí, ihò rẹ̀ ò sí láàárín. Ṣé àṣìṣe ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, irú èyí sì ni ẹni tó ń gbé Èkó láǹfààní jù láti rí, nítorí owó oníhò pọ̀ nílẹ̀ yìí. Oníní (ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀), ẹ́pìnnì (ààbọ̀ kọ́bọ̀) àti kọ́bọ̀ ayé British West Africa, ìyẹn owó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ló ní ihò, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ Nàìjíríà 1959 náà sì ní in.

Òfìfo ni wọ́n ń lu ihò sí, kí wọ́n tó tẹ òǹtẹ̀. Bí òfìfo ò bá jókòó dáadáa nígbà tí wọ́n ń lu ú, ihò á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òǹtẹ̀ á sì gbá a bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òǹtẹ̀ bá gbá irin tó ti lu, irin á sún díẹ̀ wọ inú ihò, ẹnu ihò á sì dán, á yí kọrọkọrọ. Ẹ fi èékánná kàn án: ihò ilé ìtẹ̀wó kì í ha ènìyàn lọ́wọ́. Ihò tí wọ́n fi díríìlì tàbí ìṣó lu nígboro á ní etí tó ṣẹ́ sókè lápá kan, ibi tí irinṣẹ́ gbà jáde, á sì gé lẹ́tà já ṣánṣán láìjẹ́ pé lẹ́tà náà tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ihò tí okùn ti jẹ. Wọ́n so owó wọ̀nyí mọ́ra fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n fi so ọmọ lọ́rùn. Okùn á jẹ ihò lápá kan títí yóò fi gùn bí ẹyin. Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: ibi tí okùn jẹ á tín-ín-rín ju ìyókù lọ, á sì ní ipa okùn nínú.

Ihò tó yẹ̀ ní ìwọ̀n mílímítà kan pọ̀ bí yanrìn, ẹ má torí rẹ̀ pàdánù oorun. Èyí tó bá jẹ wọ inú ìràwọ̀ tí wọ́n yà sára kọ́ìnì tàbí tó bu lẹ́tà jẹ ni alákójọ kọ́ìnì ń wá.

Èyí tí kò níhò rárá tún ga jù bẹ́ẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi ń tan ènìyàn jù, nítorí ó rọrùn láti dí ihò. Ẹ fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Ká ní kọ́ìnì fẹ̀ ní mílímítà 30, ihò rẹ̀ sì jẹ́ 5. 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25, 30 lọ́nà 30 jẹ́ 900: ihò náà kó nǹkan bí ìpín kan nínú mẹ́rìndínlógójì. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ oníhò bá wọn gíráàmù 9, èyí tí kò níhò yẹ kó fi bíi 0.25 lé lórí wọn. Bí kò bá lé rárá, ẹ bi í níbi tí irin àárín ti wá. Bó bá lé jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, òjé ni wọ́n fi dí i. Bí ìwọ̀n bá pé, ẹ ṣì wá ìlà róbótó ní àárín lábẹ́ awò, kí ẹ sì gbé e lé orí ìka kan kí ẹ fi kọ́ìnì mìíràn kàn án. Èyí tí wọ́n dí kì í dún gbọọrọ, ṣe ló ń dún pọ́.

Etí kọ́ìnì mi dà bí ẹni pé eyín ge é jẹ. Kí ló fà á?

Ẹ padà sí ìyẹ̀fun míìtì-páì. Bí ìyẹ̀fun ò bá sún síwájú tó, ẹnu ife á gun ibi tí ẹ ti gé tẹ́lẹ̀, èyí tó bá jáde á ní ibi jíjẹ bí oṣù tuntun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí irin. Bí ó bá jẹ́ ìparí abala ni ẹ̀rọ gún, ibi jíjẹ á gùn gbọọrọ dípò kó tẹ̀.

Àmì tó dájú jù wà ní òdìkejì ibi jíjẹ. Ẹ̀rọ tó ń yí etí òfìfo ń fún un láti apá méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ibi jíjẹ bá dé apá kan, kò sí nǹkan tí apá kejì máa fún mọ́, etí ibẹ̀ ò sì ní ga dáadáa. Nítorí náà, ní ọ̀gangan òdìkejì, ẹ ó rí etí tó rẹlẹ̀ tàbí tó parẹ́. Ẹni tó ń fi fáìlì ṣe ayédèrú kì í rántí ibẹ̀. Ẹ tún wo lẹ́tà tó sún mọ́ ibi jíjẹ: ti òótọ́ á fà sí ọ̀dọ̀ ibi jíjẹ, á sì máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ti ayédèrú á kàn dúró lójijì bí iṣu tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé.

Ẹ jẹ́ ká mú kọ́bọ̀ 1991 kan tí etí rẹ̀ jẹ bẹ́ẹ̀. Bàbà ló wà lára rẹ̀, irin ló wà nínú, a sì ti sọ pé ẹ̀yìn tí wọ́n gé òfìfo ni wọ́n ń bo bàbà mọ́ ọn. Ẹ gbé e sábẹ́ iná kí ẹ wo ògiri ibi jíjẹ náà. Bí ó bá pupa bí ìyókù, ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bò ó, ilé ìtẹ̀wó ni. Bí ó bá jẹ́ irin eérú ni ẹ rí, tàbí ìpẹtà, pẹ̀lú ìlà fáìlì tó tò tẹ̀léra, ẹnì kan ló gé e. Bí ẹ bá rí pupa, ẹ yí i sí òdìkejì kí ẹ wo etí, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀: ó gbọdọ̀ fúyẹ́ jù wọ́n lọ. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, ẹ gbé e pamọ́.

Kọ́bọ̀ 1991 tèmi funfun bíi fàdákà. Ṣé bàbà ni wọ́n gbàgbé láti fi bò ó?

Èyí ṣeé ṣe, àmọ́ áṣíìdì lè bó bàbà kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn ènìyàn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ́ìnì tí áṣíìdì ti jẹ á ní ara híhá bí yanrìn lábẹ́ awò, lẹ́tà á tín-ín-rín, etí á sì rọ̀. Èyí tí wọn ò bò láti ilé ìtẹ̀wó, lẹ́tà rẹ̀ á dúró ṣánṣán, ilẹ̀ rẹ̀ (ojú pẹrẹsẹ tí kò ní àwòrán tàbí lẹ́tà) á sì dán, nítorí irin ni òǹtẹ̀ gbá tààrà.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ Èkó tún wà níbẹ̀. Irin tí kò ní bàbà lára ò lè wà láti 1991 títí di òní nítòsí ọ̀sà kó má dípẹtà. Bí ẹnì kan bá fi kọ́bọ̀ irin tó ń dán gbinrin hàn yín tó ní láti ilẹ̀ ló ti hú u, ẹ bi í léèrè bó ṣe yè é. Ó tún lè jẹ́ pé wọ́n fi kúrómù tàbí ohun funfun mìíràn kùn ún. Ohun tí wọ́n kùn sábà máa ń dí inú lẹ́tà.

Bàbà tó wú bí ilẹ̀kẹ̀ tàbí tó là ní ìlà eérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, ilé ìtẹ̀wó ló ti wá lóòótọ́: ìbòrí náà ya nígbà tí òǹtẹ̀ nà án. Ó pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń san owó lé e.

Ìlà kan wà lójú kọ́ìnì mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ọgbẹ́ ni?

Ṣé ó yọ sókè ni àbí ó jìn? Ohun tó bá jìn lójú òǹtẹ̀ á yọ lójú kọ́ìnì. Bí òǹtẹ̀ bá là, irin á ṣàn wọ inú ibi tó là, kọ́ìnì á sì ní ìlà tó yọ bí iṣan ọwọ́ àgbà. Ìlà tó bá jìn, nǹkan ló họ kọ́ìnì náà. Bí òǹtẹ̀ bá là títí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi já bọ́, kọ́ìnì á ní òkìtì tó wú lẹ́tí, tó gbé lẹ́tà tó wà níbẹ̀ mì. Ní ọ̀gangan ibẹ̀ ní apá kejì, àwòrán á rẹ̀, nítorí irin ti sá lọ sínú ihò. Bí apá kejì bá dúró dáadáa, ẹ fura sí òjé tí wọ́n yọ́ lé e.

Lẹ́tà tó sọnù tún wà: gíríìsì àti ìdọ̀tí ló dí ojú òǹtẹ̀. Lẹ́tà náà á rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ilẹ̀ rẹ̀ á sì dán bíi ti ìyókù. Èyí tí wọ́n ha kúrò á ní ojú ọ̀bẹ.

Nọ́ńbà ọdún ara rẹ̀ jẹ́ méjì-méjì. Mo ti dolówó?

Ẹ fara balẹ̀. Ìyá òǹtẹ̀ kan wà tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sínú àwọn òǹtẹ̀ ìlò. Láyé àtijọ́, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí àwòrán tó wọlé dáadáa. Bí ìkejì bá yẹ̀ díẹ̀, òǹtẹ̀ ìlò náà á ní lẹ́tà méjì-méjì, gbogbo kọ́ìnì tó bá gbá á sì rí bẹ́ẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, sẹ́ǹtì kan ọdún 1955, ló lókìkí jù: ojú lásán ti rí i. Irú ìyẹn, lẹ́tà méjèèjì ga bákan náà, orí wọn yí, igun lẹ́tà sì là sí méjì bí ẹ̀ka igi. Lẹ́tà náà nípọn ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Irú kejì ló wọ́pọ̀. Òǹtẹ̀ tó tú díẹ̀ á mì nígbà tó ń kúrò lójú kọ́ìnì, á sì gbá ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà pẹlẹbẹ bí àtẹ̀gùn ilé. Ó ń dán, ó rẹlẹ̀, lẹ́tà náà sì tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ó jẹ nínú ara lẹ́tà ni. Kò níye lórí. Nínú mẹ́wàá tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí fóònù, irú èyí ló máa ń pọ̀ jù.

Ìdánwò tó le jù: ẹ wá kọ́ìnì kejì tó ní yíyẹ̀ kan náà ní ibi kan náà. Òǹtẹ̀ tó ní lẹ́tà méjì-méjì á bí ìbejì. Òǹtẹ̀ tó mì kì í mì bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Bí mo bá yí kọ́ìnì padà, ẹ̀yìn rẹ̀ dorí kodò. Àṣìṣe ni?

Ti orílẹ̀-èdè wo ni? Ti Nàìjíríà, ti British West Africa àti ti Gẹ̀ẹ́sì òde òní, bí ẹ bá di orí àti ìdí rẹ̀ mú láàárín ìka méjì tí ẹ yí i bí ẹni ṣí ìwé, ẹ̀yìn gbọdọ̀ dúró gangan. Ti Amẹ́ríkà, ó gbọdọ̀ dorí kodò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Bí ti Nàìjíríà bá yẹ̀, ẹ fojú aago wò ó: èyí tó bá tọ́ka sí agogo méjìlá ló pé. Tó bá kàn yẹ̀ dé àárín méjìlá sí aago kan, ẹ ná an. Láti aago mẹ́ta lọ ló dùn ún wò, mẹ́fà sì ni òpin rẹ̀. Òǹtẹ̀ tó tú tó sì yí ló ń fà á. Ẹni tó fẹ́ ṣe ayédèrú irú èyí á ní láti la kọ́ìnì sí méjì, ìlà á sì wà níbi tó ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Àwòrán náà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kọ́ìnì fẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ńkọ́?

Bí òfìfo ò bá jókòó sáàárín, òǹtẹ̀ á gbá apá kan, apá kejì á wà lófìfo, láìní àwòrán, láìní ọgbẹ́. Bí òrùka tó yẹ kó ká a mọ́ ò bá gbéra, irin á fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́: kọ́ìnì á fẹ̀, á tín-ín-rín, kò ní ní eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ á pé. Iyì rẹ̀ wà nínú bí àwòrán ṣe yẹ̀ tó àti bóyá ọdún ṣì ṣeé kà.

Kọ́ìnì tí wọ́n fi òòlù lù náà á fẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ á sì pé, nítorí náà ìwọ̀n nìkan ò lè dá ẹjọ́ yìí. Ẹ wo lẹ́tà: ti òòlù á tẹ́ pẹrẹsẹ, ti ilé ìtẹ̀wó á ga. Ẹ̀ka kan tún wà tí ọmọ Èkó mọ̀ dáadáa: èyí tí àwọn ọmọdé gbé sójú irin rélùwéè. Ó máa ń gùn bí ewé, àwòrán rẹ̀ á sì fà lọ sápá kan.

Mo ní èyí tó ní orí méjì.

Ẹ wo inú etí rẹ̀ yíká lábẹ́ awò. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ inú kọ́ìnì kan, wọ́n há ìdajì èkejì sínú rẹ̀. Ìlà á wà níbi tí etí ti pàdé ilẹ̀, kò ní dún dáadáa, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ní bá ti ẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Ohun ìṣeré onídán ni.

Àwòrán kan náà wà ní iwájú àti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọ̀kan jìn, ó sì kọ ẹ̀yìn bíi ti inú dígí. Èyí ńkọ́?

Èyí lè jẹ́ òótọ́. Kọ́ìnì tó ṣáájú ló lẹ̀ mọ́ òǹtẹ̀ tí kò já bọ́, òun ló wá di òǹtẹ̀ fún èyí tó tẹ̀ lé e. Ti òótọ́, àwòrán tó jìn náà á kárí ojú kọ́ìnì, àwòrán tó yẹ kó wà lójú náà kò sì ní sí rárá. Bí ẹ bá rí òjìji àwòrán àtilẹ̀wá tó ti tẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kọ́ìnì méjì ni wọ́n há sẹ́nu fáìsì tí wọ́n fún pọ̀.

Kí làwọn nǹkan tí wọ́n máa ń pè ní àṣìṣe tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Kọ́bọ̀ mẹ́wàá pupa. Funfun ni ti 1973, pupa ni ti 1991. Ìjọba ló yí i padà.

Lẹ́tà H tàbí KN kékeré lára owó British West Africa. Àmì ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ ni: H fún Heaton ní Birmingham, KN fún King's Norton.

Oníní tó fúyẹ́ bí bébà, ọdún 1907 àti 1908. Alumíníọ́mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, ojú ọjọ́ ilẹ̀ yìí jẹ ẹ́, wọ́n sì yára pa á tì. Ṣílè funfun àti ṣílè pupa rúsúrúsú: ní 1920 ni wọ́n ń kúrò lórí fàdákà bọ́ sórí idẹ.

Owó oníhò 1936 tó ní orúkọ ọba Edward VIII. Ọba náà gbé adé sílẹ̀ lọ́dún náà, kò sì sí orí rẹ̀ lára owó Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ná, nítorí náà àwọn ènìyàn máa ń ta gìrì. Owó oníhò ò ní àyè fún orí ọba. Adé àti orúkọ nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lọ́nà tó tọ́.

Àbúrò mi kó kọ́ìnì bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Èwo ni kí n wò?

Méjì. Ogún pẹ́ǹsì tí kò ní ọdún níbì kankan: ní 2008 wọ́n gbé ọdún láti ẹ̀yìn lọ sí iwájú, wọ́n wá fi òǹtẹ̀ ẹ̀yìn tuntun bá òǹtẹ̀ iwájú ti àtijọ́ lò. Ilé ìtẹ̀wó ọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ní iye rẹ̀ wà láàárín 50,000 sí 200,000, nítorí náà kò ṣọ̀wọ́n tó bí WhatsApp ṣe ń wí. Ìkejì ni pẹ́ǹsì méjì 1983 tí wọ́n kọ "New Pence" sí lára. "Two Pence" ló yẹ kó jẹ́ lọ́dún yẹn. Èyí tó bá jẹ́ "New Pence" ṣùgbọ́n tí ọdún rẹ̀ ṣáájú 1982, ẹ fi ra búrẹ́dì.

Ti Amẹ́ríkà, ẹ má gba sẹ́ǹtì 1943 tó pupa láìfi òòfà kàn án. Irin tí wọ́n fi síǹkì bò ni wọ́n lò lọ́dún yẹn. Èyí tí òòfà bá fà, wọ́n kàn fi bàbà kùn ún ni. Ti òótọ́, tí òfìfo bàbà ṣèèṣì bọ́ sí, á wọn nǹkan bí gíráàmù 3.1, òòfà ò sì ní fà á.

Ṣé mo lè tà á?

Ẹ wo irú owó tó jẹ́ ná. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2007, abala 21, sọ pé ẹni tó bá ba owó tí báǹkì náà gbé jáde jẹ́ á ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Abala kan náà fi ìyà yẹn kan ẹni tó ń kiri tàbí tó ń ta náìrà, bébà tàbí kọ́ìnì. Nítorí náà, kí ẹ tó polówó kọ́ìnì náìrà, ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Fífi áṣíìdì bó kọ́bọ̀ kí ó lè dà bí àṣìṣe, bíbà á jẹ́ ni, yàtọ̀ sí pé jìbìtì ni. Owó British West Africa kì í ṣe Báǹkì Àpapọ̀ ló gbé e jáde, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rọrùn.

Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù kí òun tó fi mílíọ̀nù ra kọ́bọ̀ yín, owó fọ́ọ̀mù ló ń wá. Olùrà tòótọ́ á bi yín ní ìwọ̀n rẹ̀.

Ṣé kí n fọ̀ ọ́ kí n tó ya fọ́tò?

Rárá o! Ọsàn wẹ́wẹ́, eérú, yanrìn, ọṣẹ ìfọ̀kòkò, kò sí ìkankan tí kò ní bó ara rẹ̀, ara náà sì ni ẹ̀rí. Bí ó bá jẹ́ òróró tàbí gọ́ọ̀mù ló lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ rì í sínú asetóònù tí kò ní àdàlù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ife gíláàsì, níta gbangba, jìnnà sí iná àti sìgá, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Omi ìpalẹ̀ èékánná tó ní òórùn dídùn kì í ṣe asetóònù lásán, ẹ má lò ó.

Fọ́tò wo ni wọ́n máa béèrè?

Iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, àti ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn. Ẹ gbé iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní bí agogo mẹ́wàá, kí òjìji lè fi hàn bóyá nǹkan yọ tàbí ó jìn. Fílàṣì fóònù ń pa òjìji run. Ẹ gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò.

Ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ kọ́ìnì wò lókè òkun?

PCGS àti NGC ní Amẹ́ríkà ń yẹ kọ́ìnì wò, wọ́n á dì í sínú ike, wọ́n á kọ irú àṣìṣe tó jẹ́ sí i. Dọ́là ni wọ́n ń gbà, ìfiránṣẹ́ lọ àti bọ̀ sì ń jẹ owó. Kọ́ìnì tí etí rẹ̀ kàn jẹ díẹ̀ kò ní pa owó náà padà. Èyí tí òfìfo rẹ̀ jẹ́ ti owó mìíràn, tàbí tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò bára mu, lè pa á.

Kó tó lọ, ẹ fi sínú páálí kékeré tí wọ́n ṣe fún kọ́ìnì tàbí ike líle. Ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bí bọ́ọ̀lù ọmọdé tuntun, irú ike tí wọ́n ń pè ní PVC ni. Nínú ooru wa, yóò yọ omi aláwọ̀ ewé sára bàbà. Ẹ kó àpò kékeré agbomi tí wọ́n ń kó sínú páálí bàtà sínú ike náà, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kọ́ìnì ni kí ẹ máa dì mú, kì í ṣe ojú rẹ̀: ipa ìka tó bá wọ ara bàbà kì í parẹ́ mọ́.